Ìkùnsínú Onígbàjámọ̀

Ọdún mẹ́ta gbáko ni onígbàjámọ̀ kan fi bá àbúrò rẹ̀ yodì nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Àga méjì, dígí méjì, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ọṣẹ, oníbàárà tó wà lórí àga ló máa rán níṣẹ́: "Ẹ bá mi sọ fún ẹni ẹ̀yìn yín kó na ọṣẹ sí mi." Oníbàárà á sọ ọ́, àbúrò á na ọṣẹ, ó parí. Àgbàlagbà méjì o.

Kí ló fà á? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibà ló dá ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀, ni àbúrò bá bá a gé irun Tíṣà, oníbàárà rẹ̀ tó ti pẹ́ jù lọ. Tíṣà ní ọwọ́ àbúrò fúyẹ́ ju ti ẹ̀gbọ́n lọ. Àbúrò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ara ẹ̀gbọ́n yá, Tíṣà yìí náà ló tún lọ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í kó abẹ àti kóòmù sínú báàgì. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òpópónà kejì. Ẹ̀gbọ́n, tó ń fá irùngbọ̀n Tíṣà lọ́wọ́, kò fẹ́ kó lọ rárá, nítorí òun ló tọ́ ọ dàgbà.

"Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún un pé kó má lọ."

Ọṣẹ kún àgbọ̀n Tíṣà. "Mi ò jíṣẹ́ mọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ ìkùnsínú?"

"Ìbínú ni."

"Rárá o. Ìbínú á pariwo, á sì lọ. Àwọn tó sọ èyí lórúkọ rí ẹni tó ń kùn, tí kò kùn sí etí ẹnì kankan, inú ara rẹ̀ ló ń kùn sí. Ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ti sùn, ó ń hanrun. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbọ́ ariwo yín."

Ẹ̀gbọ́n gbé abẹ sílẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn sí àbúrò fúnra rẹ̀. "Ṣé lóòótọ́ lọwọ́ mi le?"

"Ó le, ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí. "Orí mi lẹ fi kọ́ṣẹ́. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀, ìyẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi wọ ẹnu rẹ̀.

Àbúrò jókòó sórí àga tirẹ̀. "Ẹ gé irun mi kí n tó lọ."

Ẹ̀gbọ́n fi Tíṣà sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì irùngbọ̀n, ó lọ bá a. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń gé e, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá parí, àbúrò á dìde. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, orí àbúrò ti ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ẹ̀gbọ́n ṣì ń wá irun tó kù.