Apá Jagunjagun Lára Èkejì Màmá

Mo gbà pé mo máa ń fọ́nnu. Bí ẹ bá rí mi nígbà yẹn, tíṣà tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọnà nílùú Ìlaròó, ẹ ó rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run dá ọwọ́ fún. Ohun tó ń gùn mí ni àwọn ère rọ́bà kan tó máa ń wà nínú páálí: orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, láìsí ọ̀dà kankan lára wọn. Ìwọ tó rà á lo máa gé e, tí wàá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí wàá sì kùn ún. Jagunjagun ló pọ̀ nínú wọn, àwọn tó kù jẹ́ ẹranko abàmì tí ojú wọn ò ṣeé wò. Gbogbo wọn ni mo tò sórí pẹpẹ ní pálọ̀, àlejò tó bá sì wọlé, dandan ni kó gbọ́ ìtàn wọn kó tó mu omi.

Rọ́bà wọn rọ̀. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá wọ́ nínú páálí, omi gbígbóná ni oògùn rẹ̀. Wàá rì í bọ inú ẹ̀, á dẹ̀, wàá tọ́ ọ bó ṣe yẹ, wàá sì yára jù ú sínú omi tútù. Ìdí-Ìrókò ni mo ti ń rà wọ́n, lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta òkìrìkà. Kútọnu ni béélì rẹ̀ ti ń wá, àárín aṣọ àti bàtà sì ni àwọn páálí mi máa ń fara pamọ́ sí. Ìyá yìí ò mọ ohun tí mò ń fi wọ́n ṣe. Tó bá ti rí orí àti apá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀kan, á pè mí lórí fóònù, á ní òkú mi ti dé o, kí n wá gbé e.

Ìgbà tó yá, ìjọba ti bodè pa. Ìrẹsì di ohun tí à ń bọ̀wọ̀ fún, àwọn ọlọ́kadà onífàyàwọ́ ń ja inú igbó kọjá bí ẹni tí oyin ń lé, epo sì di àwátì láwọn ilé epo ẹ̀bá bodè. Ní tèmi, páálí kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Jagunjagun ni, iṣan apá rẹ̀ yọ gàdàgbà, ó di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n sì lu ihò sí ẹ̀ṣẹ́ náà níbi tí idà máa wọ̀. Mi ò tíì fọ̀bẹ kàn án. Mò ń tọ́jú ẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú àgbàdo tó fẹ́ gbìn.

Àsìkò yẹn ni Màmá, ìyá tó bí mi lọ́mọ, wá kí mi láti Ìmàṣàyí. Ìbejì ni Màmá. Òun ló kẹ́yìn dé, òun sì ni ẹ̀gbọ́n, bí àṣà wa ṣe wí. Èkejì rẹ̀ ò ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ tó fi rìnrìn àjò, a kì í sáà sọ pé ìbejì kú. Ère igi ni wọn ì bá gbẹ́ dípò rẹ̀ láyé àtijọ́, àmọ́ ìyá wọn ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá ra bèbí rọ́bà kan lọ́jà. Bèbí yìí ni Màmá ń wẹ̀, tó ń wọ̀ láṣọ, tó ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ara rẹ̀ láti kékeré títí tó fi darúgbó. Tá a bá se ẹ̀wà, a gbọ́dọ̀ bu tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àwa ọmọ ò ka èyí sí nǹkan bàbàrà. Bèbí Màmá là ń pè é.

Ọrùn bèbí náà ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá wo àwọn ère orí pẹpẹ mi, ó wo ọrùn èkejì rẹ̀, ó bi mí bóyá mo lè tọ́ ọ. Kí ló dé tí mi ò ní lè tọ́ ọ? Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn ìyá ìjọ ń ṣe ìpàdé ní Ọjà-Ọ̀dàn lọ́sẹ̀ yẹn, inú gbọ̀ngàn kan ni gbogbo wọn máa sùn, Màmá ò sì fẹ́ gbé bèbí lọ síbẹ̀ nítorí ẹnu wọn. Ó ní òun á padà wá mú un ní Sátidé. Kó tó wọ ọkọ̀, ó di apá mi mú.

“Mi ò sùn láìsí i rí,” ló wí. “Má jẹ̀ẹ́ kó sunkún o.”

Mo gbé omi kaná. Èmi ọ̀gá, mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ dán an wò! Mo rì í bọ omi tọrùntọrùn. Ọrùn náà tọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n tó ṣẹ́jú, apá ọ̀tún ti súnkì, ó ká kò bí ewé tí iná rà. Irú rọ́bà tiẹ̀ kọ́ ni irú tèmi. Mo fà á yọ. Mo jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnnì, èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì sunkún.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdí-Ìrókò lọ wá bèbí míì tí mo lè yọ apá rẹ̀. Ohun ìṣeré tuntun tí wọ́n kó wá láti Èkó ló kún ibi tí béélì máa ń wà. Ike líle ni, wọ́n ti tò ó pa, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe sí i. Ẹ kàn tẹ ikùn rẹ̀, iná á tàn lójú ẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo béèrè bèbí àtijọ́, mo tún béèrè àwọn páálí mi.

“Sẹ́ fíní, Tíṣà,” ni ìyá náà wí, Faransé tó máa ń sọ tí nǹkan bá ti tán pátápátá.

Ó ní kí n má di gbogbo ẹ̀ ru bodè, pé kí wọ́n tó tì í gan-an ni àwọn òkú mi ti ń dín kù nínú béélì. Irú èyí tó ń kọrin yìí làwọn èèyàn ń fẹ́ báyìí. Ó tẹ ikùn ọ̀kan bóyá á fi pa mí lẹ́rìn-ín. Mo dágbére fún un.

Mo pe àbúrò mi obìnrin ní Ayétòrò. Ó ní ẹ̀rọ kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń yọ́ okùn ike, tó sì ń tò ó léra wọn díẹ̀díẹ̀ títí á fi di ohun tí wọ́n yà sínú kọ̀ǹpútà. Èmi yìí ti fi ẹ̀rọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ tó, mo ní iṣẹ́ tí ọwọ́ ò kàn, iṣẹ́ wo nìyẹn? Báyìí mo wá ń bẹ̀bẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi fọ́tò apá òsì ránṣẹ́, òun á yí i padà sí ọ̀tún, àmọ́ kò síná, kò sì sí epo tó máa gbé jẹnẹrétọ̀. Ó di Wẹ́sìdeè tó ń bọ̀.

Sátidé ni Màmá ń bọ̀, ọjọ́ Fúráídeè sì lèyí. Mo ṣí páálí tó kù. Mo wo jagunjagun mi títí, mo wá gé apá ọ̀tún rẹ̀. Mo po ọ̀dà títí tó fi bá àwọ̀ bèbí mu, mo gé èyí tó ká kò kúrò, mo sì lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ara ọmọ ọwọ́ ló kù, apá jagunjagun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ká ní kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín kú.

Nígbà tí Màmá dé, kò mu omi, kò jókòó. Ó tú aṣọ tí mo fi wé bèbí. Ó fọwọ́ kan ọrùn, ó mi orí. Ó wá rí apá náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ṣe, omi gbígbóná, ìgbéraga mi, apá jagunjagun tí mo gé, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Màmá ń fi ìka pa iṣan apá yẹn lọ, ó ń pa á bọ̀.

“Èmi ti di arúgbó,” ló wí, “apá ọmọ oṣù mẹ́ta lòun ṣì ń lò. Ṣé òun ò ní dàgbà ni?”

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn tá a jẹ ẹ̀wà, ó ki ṣíbí kékeré kan bọ ihò tó yẹ kí idà wọ̀, ó sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun.

Wẹ́sìdeè, kí Màmá tó padà sí Ìmàṣàyí, àbúrò mi gbé apá tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe dé láti Ayétòrò. Kí n má parọ́, ó dára ju ohunkóhun tí mo ṣe rí lọ, títí kan èékánná. Mo ti mú ọ̀bẹ kí n fi pààrọ̀ ti jagunjagun, Màmá gba apá kékeré náà lọ́wọ́ mi. Ó ní èyí tó lò ní kékeré nìyẹn. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó tú aṣọ tó di ẹ̀wù ìkókó àwa ọmọ rẹ̀ tí bèbí ń wọ̀ sí, ó sì fi í sáàárín wọn.

Wọ́n ti ṣí bodè báyìí, àmọ́ páálí kankan ò bá béélì wọlé mọ́. Àbúrò mi ti ní òun á fi ẹ̀rọ ṣe apá fún jagunjagun mi, torí apá kan ló ní lórí pẹpẹ. Mo ní kó fi sílẹ̀. Tí àlejò bá bi mí níbi tí apá ọ̀tún rẹ̀ wà, mo máa ń sọ fún un pé ó wà lọ́wọ́ ìyá mi kékeré ní Ìmàṣàyí.