Igi Obì Ìyá Àlàmú

Igi obì kan tí ọkọ Sìlífátù gbìn sí Ìkẹjà kó tó kú ló ń bọ́ opó náà. Lọ́jọ́ tí awọnlẹ̀ ìjọba ní ìdí igi náà gan-an ni géètì ilé iṣẹ́ tuntun máa wà, ìyá fẹ̀yìn ti igi ẹ̀.

“Ìdí ẹ̀ la sin ìwọ́ Àlàmú ọmọ mi sí. Ẹni tó bá gé e ti di ìyá ẹ̀ nìyẹn, kó máa bọ́ ọ!”

Àwọn lébìrà tó fẹ́ gé igi náà wo Àlàmú, géńdé tó rí bí àgbá epo, tó ń hanrun lábẹ́ igi. Wọ́n ju àdá sílẹ̀.

Ọ̀kan ní, “Ọ̀gá, ẹ gé e fúnra yín. Àwọn tèmi nílé ò tíì yó.”

Awọnlẹ̀ náà wo Àlàmú títí, ó sún géètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àwòrán ọwọ́ ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tán, Àlàmú ni wọ́n fi ṣe mẹ́gáàdì. Ọlọ́run Ọba mọ iṣẹ́ tí kò ní í gbé e kúrò lábẹ́ igi.