Afínjú àti Agolo Abẹ́ Ẹ̀rọ

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gba Àǹtí Sípánà síṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá ni òun àti Afínjú kọ́kọ́ pàdé. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti kí i káàbọ̀. Nígbà tí ó kan Afínjú, tí í ṣe ọ̀gá wọn, ó wo àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà bí ẹni tó ń wo ẹja tó ti jẹrà, nítorí pé Àǹtí ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ kí ó tó kan ènìyàn. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ àkísà kan jáde, ó sì nà án sí i.

"Nu ọwọ́ ná," ni ó wí. "Ibi iṣẹ́ nìyí, kì í ṣe oko."

Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí Sípánà ti gbé ọkùnrin yìí lé orí òṣùwọ̀n, ó sì rí i pé kò tẹ̀wọ̀n rárá.

Kí a má parọ́ mọ́ ọn, Afínjú mọ̀ ọ́n wọṣọ. Ìlà tí ó wà lójú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ mú tó ohun tí a lè fi gé búrẹ́dì. Kóòmù kékeré kan kì í kúrò lápò àyà rẹ̀. Áńkáṣíìfù funfun a sì máa yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí ìyàwó rẹ̀ fi òwú búlúù ṣe òdòdó sí létí. Iṣẹ́ ni kò mọ̀. Bí máníjà bá dápàárá tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, Afínjú a rín in títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yìí ni ó gùn bí àkàbà, títí ó fi di ọ̀gá lé àwọn tó mọ orí ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ lórí. Bí ó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ tóbáìnì kọjá, ńṣe ni ó máa ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí ológbò tó já sínú omi.

Tóbáìnì, ẹ̀rọ ńlá tó ń mú iná wá, kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ náà ní. Gáàsì ni ó ń jó nínú rẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná ibẹ̀ a sì máa yí ọ̀pá irin gígùn kan tí wọ́n ń pè ní ṣáàfù. Bíárìn ni ó gbé ṣáàfù náà dúró. Ọ́ìlì ni kì í sì í jẹ́ kí bíárìn jóná. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ráyè jáde. Èyí tó pọ̀ jù a padà sínú táǹkì. Ìwọ̀nba tó bá yọ́ gba etí síìlì, òrùka tó ń dí ẹnu bíárìn, kọjá a bọ́ sínú kòtò kékeré kan, a gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, a sì máa kán sínú agolo tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ, tó, tó, tó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tọ́.

Ọwọ́ Àǹtí Sípánà ni ó de bíárìn tuntun sínú tóbáìnì yìí. Wọn kò fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé obìnrin lọ́wọ́ rí níbẹ̀, ó sì mọ̀ dájú pé bí bíárìn náà bá bàjẹ́, orúkọ òun ni yóò kọ́kọ́ jóná.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Afínjú dúró lókèèrè, ó ń tọ́ka sábẹ́ ẹ̀rọ.

"Àǹtí, ẹ̀rọ rẹ mà ń tọ̀ sílé o!"

"Ibi tó yẹ kó tọ̀ sí ló ń tọ̀ sí, ọ̀gá. Ẹ ò rí agolo ni?"

"Ẹ bá a ra ìlédìí nígbà náà, sà," ni Ojú-aago wí. Òun ni ọkùnrin tó máa ń ṣọ́ àwọn aago tó ń fi ìgbóná ẹ̀rọ hàn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

Afínjú kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe máníjà ló dápàárá. "Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ń bọ̀ lọ́la. Ṣé agolo ìdọ̀tí ni ká fi pàdé wọn?"

"Ẹ jẹ́ kó máa kán, sà. Bí ò bá ráyè jáde níbẹ̀, ibòmíì ló máa gbà."

"Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ fún ẹni tó dé lánàá."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, wọ́n ti kun ilẹ̀ gbọ̀ngán ẹ̀rọ, ó ń dán bí orí apárí. Afínjú ti ta okùn yí tóbáìnì ká, ó ní kí ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́gbin kankan má kọjá a. Ẹni tí a fi ṣọ́ ẹ̀rọ ń ṣọ́ ilẹ̀: ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Àwọn àlejò dé, wọ́n tan ẹ̀rọ, máníjà sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni.

Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí èéfín fi yọ. Ó kọ́kọ́ rọra ń jáde, ó funfun, ó dà bí ti ẹni tó ń mu sìgá. Kò pẹ́ tí ó fi bo gbọ̀ngán, òórùn ọ́ìlì jíjóná sì lé àwọn àlejò jáde pẹ̀lú ọwọ́ nímú. Ojú-aago ké láti inú yàrá rẹ̀: "Bíárìn ti ń gbóná! Mo ń pa á o!" Ó sì pa ẹ̀rọ náà lóòótọ́.

"Ṣé mi ò sọ ọ́?" Afínjú ti ń pariwo. "Ọwọ́ tó yẹ kó máa ro ọbẹ̀, ẹ ní kó de bíárìn!"

Máníjà kọjú sí Àǹtí Sípánà. "Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ló fà á, kó àpótí irinṣẹ́ rẹ, kó o máa lọ sílé lónìí."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ. "Ó dáa, sà. Kí n tó lọ, agolo mi dà?"

"Agolo wo?"

"Èyí tó máa ń wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọ́ìlì ti ya lọ sórí irin gbígbóná, òun ló ń rú èéfín. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí kò rí gbà jáde."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Afínjú.

"Mo gbé e kúrò ni," ni ó wí. "Ó dọ̀tí."

"Ọ́ìlì tó ń kán sínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò kán mọ́. Mo ti ṣe é." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà tutù, Àǹtí Sípánà fò kọjá okùn, ó sì wọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Afínjú sáré tẹ̀ lé e, ó lóṣòó ti ẹnu páìpù: "Má fọwọ́ kàn án! O máa ba ilẹ̀ jẹ́!" Ní àsìkò náà gan-an ni Àǹtí fa ohun tó dí páìpù náà yọ. Ọ́ìlì dúdú tú jáde pọ̀ọ̀, ó sì gba ojú ìlà ṣòkòtò Afínjú tí a lè fi gé búrẹ́dì lọ láti orúnkún dé bàtà.

Èèkàn igi kékeré ni ó wà lọ́wọ́ Àǹtí, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Òdòdó búlúù wà létí aṣọ náà. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ni ín.

"Ìyàwó ilé yín mà mọ iṣẹ́ ọnà o, ọ̀gá," ni Ojú-aago wí.

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà. Wọn kò kàn sọ pé ó lè gba ẹ̀yìn tóbáìnì yọ ni. Afínjú wo ojú máníjà bóyá yóò rí àpárá kan rín. Kò sí àpárá níbẹ̀. Máníjà fúnra rẹ̀ kò tọrọ àforíjì, irú wọn kì í tọrọ rẹ̀. Ó kàn wúkọ́, ó ní kí Àǹtí dá àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Wọ́n tú bíárìn wò, kò ní ìpalára kankan.

Afínjú ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Iṣẹ́ tí máníjà wá fún un ni láti máa da agolo náà nù láràárọ̀, ó sì máa ń nà án síwájú bí ẹni tó mú ejò nírù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bẹ Àǹtí Sípánà fún àkísà tí yóò fi nu ọwọ́.

"Ẹ lo áńkáṣíìfù yín, sà," ni Àǹtí wí, ó sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ìwọ òǹkàwé, bí o bá rí páìpù tí ọ́ìlì ń kán lẹ́nu rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, jọ̀wọ́, má ṣe dí i. Gbé agolo sábẹ́ rẹ̀.