Olùkọ́ Ìṣirò àti Ẹjọ́ Rẹ̀ Méjèèjì

Èmi ni fáìsì pírínsípà ilé ìwé gírámà kan ní Odògbólú nígbà tí wọ́n gbé olùkọ́ Ìṣirò tuntun kan wá bá wa. Obìnrin ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ara iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ lẹ́sìn nóòtù àwọn olùkọ́ wò ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ìyẹn ìwé tí olùkọ́ ń kọ ohun tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ náà sí. Tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, mà á fi bírò pupa buwọ́ lù ú, mà á sì kọ déètì sí i. Ìwé tirẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ní iwájú ewé ni ẹ̀kọ́ wà, ó mọ́ tónítóní. Ní ẹ̀yìn ewé kan náà, ó ti fi lẹ́tà wínniwínni kọ àwọn nǹkan tí n kò lè kà, àmì ìdọ́gba àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gé kúrú, pẹ̀lú orúkọ oúnjẹ Ìjẹ̀bú láàárín wọn.

Mo pè é, mo bi í léèrè ohun tó ń kọ sínú ìwé ìjọba. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Ó ní sọ́fúwíà lòun ń kọ, ètò tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀lé láti ṣírò máàkì àwọn ọmọ kó sì tẹ ìwé èsì wọn jáde. Iná kò sí nílé tí òun háyà, nítorí náà ọwọ́ lòun ń fi kọ ọ́ kí òun tó rí ibi tí iná wà tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo rántí ìparí táàmù, tí àwa olùkọ́ máa ń dorí kodò sórí ṣíìtì gígùn, tí a ó máa ro máàkì pọ̀ títí ọrùn yóò fi máa dùn wá. Mo buwọ́ lu ìwé náà. Mo ní kó máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni kó máa kọ́kọ́ parí.

Ilé ìwé wa ló kọ́kọ́ lo ètò náà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé orúkọ àwọn ọmọ jáde pẹ̀lú àmì ohùn wọn pé pérépéré, tòkè tìsàlẹ̀. Bàbá kan wá sí ọ́fíìsì mi, ó mú ìwé èsì ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun máa rí i tí ẹ̀rọ kọ orúkọ ọmọ òun bí òun ṣe sọ ọ́.

Àwọn ilé ìwé tó wà nítòsí gbọ́, wọ́n ń béèrè. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gba yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta páìpù omi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ẹbí rẹ̀ bínú. Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, ó wá sílé mi, ó ní kí n wá máa kọ́ àwọn ilé ìwé bí wọn yóò ṣe lo ètò náà. Mo sọ fún un pé n kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ olùkọ́, mà. Kọ̀ǹpútà ò le. Olùkọ́ ló le."

Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ ẹni tí mo ti jẹ́ ọ̀gá fún nìyẹn. Ọ̀kadà ni èmi àti rẹ̀ fi ń yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ilé ìwé Mùsùlùmí kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní àwọn ò lè lò ó nítorí kò sí àyè fún ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Ọ̀gá mi lọ jókòó ti àwọn áfáà ibẹ̀, ó bi wọ́n ní ìbéèrè bí ọmọ ilé ìwé, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí àyè ti wà. Báyìí la ṣe dàgbà. Yàrá méjì di gbogbo òkè ilé náà, a ń gba òṣìṣẹ́, àwọn ilé ìwé ń pè wá láti Oǹdó àti Èkìtì.

Ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ńlá kan láti Èkó ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá a ṣiṣẹ́ pọ̀, kó fi ẹ̀dà ètò náà sílẹ̀ kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi í sílẹ̀. Wọ́n padà sọ pé kò wu àwọn mọ́. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí akọ̀wé kóòtù fi mú ìwé ìpẹ̀jọ́ wá bá wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé iṣẹ́ Èkó yẹn ní àwọn ló ni ètò náà, pé ṣe ló jí i. Kóòtù sì pàṣẹ pé a ò gbọdọ̀ tà á fún ilé ìwé tuntun kankan títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Ọdún mẹ́ta ni ẹjọ́ náà gbà ní Abẹ́òkúta. Àwọn ilé ìwé kan bẹ̀rẹ̀ sí sá fún wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Èmi náà rẹ̀wẹ̀sì, mo ní kó yọ̀ǹda ètò náà fún wọn kó kọ òmíràn. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn sọ pé, "Òmíràn rọrùn láti kọ, mà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbà fún wọn, mo gbà pé olè ni mí nìyẹn."

Lọ́yà wa jẹ́ àgbàlagbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó bi wá bóyá ẹ̀rí kankan wà nípa ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ètò náà. Ọ̀gá mi ń ronú nípa kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ rẹ̀ tó ti bàjẹ́. Èmi ni mo rántí lẹ́sìn nóòtù. Inú àpò ìrẹsì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ la ti bá wọn, mẹ́fà. Eku ti jẹ etí ọ̀kan.

Bí mo ṣe di ẹlẹ́rìí nìyẹn. Lọ́yà ilé iṣẹ́ náà bi mí bóyá òṣìṣẹ́ obìnrin yìí ni mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní, "Nígbà náà, màdáámù, kí ló lè dá yín dúró láti buwọ́ lu ìwé yìí lánàá, kí ẹ kọ déètì àtijọ́ sí i?"

Mo di igi iwájú mi mú. Mo ní, "Ẹ ṣí ewé tó tẹ̀ lé e. Òǹtẹ̀ àwọn olùbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba rán wá wà níbẹ̀, pẹ̀lú déètì ọjọ́ tí wọ́n wá. Òǹtẹ̀ yẹn kò sí lọ́wọ́ mi rí."

Adájọ́ gba ìwé náà, ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ mìíràn ló pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ náà tẹ inú ètò tí wọ́n pè ní tiwọn jáde sórí ìwé. Ọ̀gá mi ti fi orúkọ oúnjẹ wa pe abala kọ̀ọ̀kan nínú ètò rẹ̀. Èyí tó ń ro máàkì pọ̀, ìkọ́kọrẹ́ ló pè é, ìkọ́kọrẹ́ náà ló sì wà nínú tiwọn. Adájọ́ bi ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n mú wá jẹ́rìí pé kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin náà ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ̀wé.

A jàre. Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ bọ̀, ọ̀gá mi ti sùn kí a tó kúrò nílùú, kò sì jí títí a fi kọjá Ṣágámù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ wa gbèrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn oníròyìn ń wá. Ọ̀gá wa nìkan ni wọ́n ń yà ní fọ́tò, ó sì ń sọ fún wọn pé òun lòun kọ gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ọkùnrin kan wà láàárín wa, ọmọ Ìbefun, tó dúró nígbà tí gbogbo èèyàn ń lọ. Òun ló kọ abala tí òbí fi ń rí èsì ọmọ lórí fóònù, tí gbogbo èèyàn ń yìn. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i. Ọ̀gá wa ní òun gbọ́. Ọdún kan kọjá. Ọkùnrin náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó pe ilé iṣẹ́ wa lẹ́jọ́.

Lọ́yà wa ní kí a má mikàn. Ó ní kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ ọkùnrin náà, pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ, ti ilé iṣẹ́ ni. Ọ̀gá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá lórí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun dé Ìbefun.

Ìyá ọkùnrin náà ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà tí a dé. Ó kí wa dáadáa, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tó jáde. Nígbà tó jáde, kò jókòó. Ọ̀gá wa dìde dúró níwájú rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́," ó ní. "Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni èmi náà ṣe fún ọ."

Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rí. Ọ̀gá wa ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde tó ti buwọ́ lù, tó sọ abala tí ọkùnrin náà kọ, àti pé orúkọ rẹ̀ yóò máa wà lójú ewé àkọ́kọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń lò ó. Ọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ dá ọ̀bẹ dúró. Ọmọ rẹ̀ wá fa àga, ó jókòó.

Ó gbé ẹjọ́ náà kúrò ní kóòtù, ṣùgbọ́n kò padà sọ́dọ̀ wa. Ó ti dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí, àwọn méjèèjì sì máa ń darí oníbàárà síra wọn. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń yin ọ̀gá wa, ẹjọ́ Abẹ́òkúta ni wọ́n máa ń sọ. Èmi náà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí èèyàn púpọ̀ tó lè jà fún ohun tí í ṣe tiwọn. Àwọn tó lè gbẹ́sẹ̀ lọ sí Ìbefun nígbà tí lọ́yà ti sọ pé wọn yóò jàre kò pọ̀.

Bí a ṣe ń bọ̀ láti Ìbefun lọ́jọ́ náà, a gba Odògbólú. Ibẹ̀ ni ọ̀gá wa ti ní kí a dúró kí a jẹun, pé òun ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná. A wọ búkà kan. Ó jẹ abọ́ méjì, ó mu omi, ó sì ní kí wọ́n tún bu ẹran sí i.