Òkè Tí Leah Kò Fẹsẹ̀ Gùn Mọ́

Ní ilé Josiah Ọláníran, ní abúlé kan lẹ́bàá Ẹgbẹ́dá, ọ̀rọ̀ àṣírí kò ríbi sá sí. Ìyá ọkọ ń bẹ ní yàrá kejì, àwọn àbúrò ọkọ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, etí gbogbo wọn sì mú bíi ti ológbò. Orí òkè Olókùúta ni Josiah àti Leah, ìyàwó rẹ̀, ti máa ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ fún ara wọn. Lọ́jọ́ ọjà, Leah a jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú agbọ̀n ata rẹ̀, wọn a forí lé ọjà Adégbàyí. Bí wọ́n bá dé ìdí òkè, kẹ̀kẹ́ ò ní lè gbé wọn mọ́. Wọn a sọ̀ kalẹ̀, Josiah a máa ti kẹ̀kẹ́, Leah a máa rìn lápá òsì rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún un pé òun lóyún Títílọpẹ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti jọ sunkún ọmọ kejì, èyí tí kò dúró.

Ẹsẹ̀ kan máa ń dun Leah. Bó ṣe ń tiro gun òkè náà ń ká Josiah lára. Nígbà tí wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wá wọ́ kọjá àtúnṣe lọ́dún 1961, ó gbé e lọ bá Sàníù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Adégbàyí. Sàníù gbé wíìlì méjì síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, irú èyí tí ẹ ń lò nìyí. Kò ní jíà, kò sì ní wàhálà. Èyí tuntun ní jíà mẹ́ta nínú. Ẹ ó kàn fìka yí i lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni, yóò fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ yín bí ẹ bá ń gun òkè."

"Ṣé yóò gbé èmi àtìyàwó mi gun Olókùúta?"

"Tagbọ̀n tagbọ̀n!"

Josiah ò bèèrè nǹkan mìíràn. Oníjíà ló mú.

Ó sì gun òkè lóòótọ́. Josiah di ọ̀gá! Ó ń yí jíà, ó ń juwọ́ bí olóyè sáwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Leah ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí í bá ẹ̀yìn ọkọ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí nínú afẹ́fẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ní ìdí òkè, Leah fọwọ́ kàn án lẹ́yìn.

"Bàbá Títí, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ lónìí."

"Kí la fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ṣe? Ṣáà dì mí mú!"

Ó yí jíà. Leah dì í mú. Kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kókó kan ló wà lọ́yàn rẹ̀. Kò lè sọ ọ́ nínú ilé, níbi tí ìyá ọkọ ti ń wí pé ọmú rẹ̀ ló pa ọmọ kejì. Nígbà tí àìsàn náà fara hàn síta, ó ti pẹ́ jù. Ìjọ gbààwẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, dókítà mirí. Leah kú kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àrínọlá, ẹ̀gbọ́n Leah, jókòó ti Josiah.

"Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi tètè sọ fún yín. Ó ní òkè lòun ń dúró dè. Ó ní inú yín ń dùn sí jíà yẹn, òun ò fẹ́ bà á jẹ́."

Josiah rántí ọwọ́ tó kàn án lẹ́yìn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ó fẹ́ gba Leah lọ́wọ́ ìrora ẹsẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, kò sì ṣeé tún ṣe mọ́.

Ó ní kí Sàníù yọ jíà náà, kó fi irú ti àtijọ́ sí i. Sàníù ní, "Ṣé ó bàjẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kò bàjẹ́."

Láti ìgbà náà, bí ó bá ti dé ìdí Olókùúta, agbọ̀n ìbáà ṣófo, a sọ̀ kalẹ̀, a máa ti kẹ̀kẹ́, a sì fi àyè sílẹ̀ lápá òsì. Àwọn tí kò mọ̀ a máa pariwo pé, "Bàbá, ẹ gùn ún, òkè náà ò ga!" Josiah a yíjú sápá òsì. Leah ló ń bi pé kí ló fẹ́ sọ.