Ìdì Gínì tí Àlàájì Mọ̀núrù Ń Tà Láìtà

Ẹgbẹ̀ta náírà ni Àlímọ̀t yóò san fún Àlàájì Mọ̀núrù lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà sì ni yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá pe ọgọ́rùn-ún tó wà láàárín méjèèjì ní èlé, Àlàájì yóò bá a jà. Kò sí èlé níbẹ̀, ni yóò wí. Ọjà ni òun ń tà.

Bó ṣe ń tà á nìyí. Ìdì aṣọ gínì kan wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìdúmàgbò, píìsì ogún nínú ọ̀rá. Ẹni tó bá nílò owó yóò ra ìdì náà láwìn ní ẹgbẹ̀ta. Lójú ẹsẹ̀, yóò tún tà á padà fún Àlàájì ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lówó lọ́wọ́. Aṣọ kò kúrò níbi tó wà. Oníbàárà gba owó, ó jẹ gbèsè, Àlàájì sì gbé kẹ́tùlù rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti ra ìdì yẹn tán, kò sì sẹ́ni tó tíì fi rán búbá.

Kì í ṣe pé wọ́n bí ọgbọ́n yìí mọ́ ọn. Lọ́dọ̀ Kòráà kan, ará Lẹ́bánónì tó ń taṣọ, ló ti ń ru aṣọ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Nígbà tó dá dúró, sọgúndogójì ló ń yáni, kò sì fi bò. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Mẹ́kà. Ó dé, ó wé láwàní, ó kéde ní mọ́ṣáláṣí pé òun ti jáwọ́ nínú èlé, àwọn èèyàn sì ṣàdúà fún un. Orúkọ èlé ló jáwọ́ nínú rẹ̀. Iye rẹ̀ kò dín ní kọ́bọ̀ kan.

Àáfà kan sọ ọ́ sí i lójú. "Àlàájì, ẹni tó ń rà kò fẹ́ aṣọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà kò fẹ́ kó lọ. Èlé tó wé láwàní lẹ̀ ń jẹ yìí."

"Ẹlẹ́rìí méjì máa ń wà níbẹ̀," ni Àlàájì dá a lóhùn.

Òótọ́ ni. Bàbá Sùlè àti Bàbá Jimoh ni ẹlẹ́rìí, àgbà méjì tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni owó ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ọjà kan, oníbàárà ló sì ń san án. Àlàájì kò jẹ́ ná owó tirẹ̀ sórí ẹ̀sìn.

Àwọn èèyàn ṣì ń wá, torí bánkì ní Màrínà kì í yá ẹni tí kò bá ní ìwé ilé lówó. Àlímọ̀t kò ní. Abọ́ tánganran ló ń tà ní òdìkejì títì. Wọ́n ń tún òrùlé ilé ẹbí wọn ṣe ní Ẹnu Ọwá, olórí ẹbí sì ti ní ẹni tí kò bá mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà wá kó tó di Jímọ́ọ̀, wọn á gbé yàrá rẹ̀ fún ayálégbé. Yàrá ìyá Àlímọ̀t ni yàrá tirẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá náà kú sí. Ṣàíbù, ẹ̀gbọ́n Àlímọ̀t, tilẹ̀ ti mú ayálégbé wá wò ó, ó sì ti gba owó lọ́wọ́ onítọ̀hún.

"Gbé ọwọ́ lé e," ni Àlàájì wí, "kó o sọ pé o rà á."

Àlímọ̀t gbé ọwọ́ lé ìdì náà. Ọ̀rá rẹ̀ ti gbó, ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìka rẹ̀ sì kan aṣọ. Gínì gidi ni. Kò pẹ́ tó ra píìsì kan irú rẹ̀ lọ́wọ́ Clementina, obìnrin Àgùdà tó ń taṣọ nísàlẹ̀ títì. Ogójì náírà ni, Clementina ò sì yọ kọ́bọ̀ kúrò. Àlímọ̀t wo ìdì náà tòkè tilẹ̀.

"Mo rà á ní ẹgbẹ̀ta, àwìn oṣù mẹ́rin. Àlàájì, ṣé ó ti di tèmi?"

"Ó ti di tìẹ. Ó yá, tà á padà."

"Bàbá Sùlè, ṣé tèmi ni?"

"Tìẹ ni. Àádọ́ta kọ́bọ̀ mi ńkọ́?"

"Màá fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù. Mi ò tà á mọ́."

Àlàájì rẹ́rìn-ín. "O fẹ́ràn àwàdà. Owó lo wá yá, kí lo fẹ́ fi aṣọ ṣe?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Àlàájì. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ kì í yáni lówó."

Bàbá Jimoh wúkọ́. "Àlàájì, tẹ́ ẹ bá ní kò rà á, kí la ti ń jẹ́rìí sí láti ọjọ́ yìí wá?"

Àlàájì ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Bó bá ní aṣọ náà kì í ṣe títà, a jẹ́ pé èlé ni gbogbo ọgọ́rùn-ún tó ti jẹ, Bàbá Sùlè á sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé mọ́ṣáláṣí kí wọ́n tó kírun Màgáríbà. Bó bá ní títà ni, aṣọ ti lọ nìyẹn. Irínwó náírà ló ra ìdì náà lọ́dún tí náírà jáde. Lẹ́yìn náà ni owó Ùdọ̀jì tí ìjọba fi kún owó oṣù dé, tí gbogbo ọjà gbówó lórí, òun kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè iye tí gínì ń jẹ́. Kí ló kàn án? Aṣọ tirẹ̀ kì í lọ síbì kan. Ọkùnrin tó lè ṣírò èlé oṣù mẹ́rin lójú oorun, kò mọ iye ọjà tó wà lórí pẹpẹ ara rẹ̀.

Bàbá Jimoh bá Àlímọ̀t gbé ẹrù rù.

Clementina tú ìdì náà wò, ó ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà sílẹ̀. "Ta ló ta èyí fún ẹ?"

"Àlàájì tí kì í taṣọ."

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ sí Ẹnu Ọwá lọ́jọ́ náà gan-an, Ṣàíbù sì lọ dá owó àsansílẹ̀ ayálégbé rẹ̀ padà. Igba tó ṣẹ́ kù, Àlímọ̀t fi ra abọ́ sí ọjà.

Àlàájì ní tirẹ̀ kò lè dúró láìní aṣọ, nítorí níbi tí kò sí aṣọ, èlé lásán ló kù. Ó lọ sọ́dọ̀ Clementina, ó ra ìdì gínì kan ní ẹgbẹ̀rin náírà. Ìgbà tó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ló rí i pé ọ̀rá rẹ̀ ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ìgbà náà, kì í ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ kó má kọ́kọ́ béèrè iye gínì káàkiri Ìdúmàgbò, bí ẹni tó ń taṣọ lóòótọ́.

Nígbà tí oṣù mẹ́rin pé, Àlímọ̀t gbé ẹgbẹ̀ta náírà wá, ó kó o lé tábìlì níwájú àgbà méjèèjì. Àlàájì kà á, ó tún un kà, ó na ọ̀kan sókè wò bóyá ayédèrú ni.

"Ṣé ó pé, Àlàájì?"

"Ó pé."

"Mi ò jẹ yín ní nǹkan kan mọ́?"

"O ò jẹ mí," ni Àlàájì wí, ó sì ti owó náà sínú dúrọ́ọ̀.