Òfin Kẹtàlélógún

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá Atẹ̀wé ti fi jókòó sí yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá, wọn ò sì fún un ní ìwé ìkìlọ̀ rí. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun rí àṣìṣe nínú ìwé tó tẹ̀, á ní kí onítọ̀hún lọ nu awò ojú rẹ̀ dáadáa. Oṣù méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Òun ló tẹ ìwé òfin àwọn òṣìṣẹ́, ogójì òfin gbáko, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní kó fi ọ̀kan há àárín, á di kó máa tún gbogbo nọ́ńbà tó kù ṣe títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Lọ́jọ́ tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin wá fi hàn án pé kọ̀ǹpútà lè máa ka nọ́ńbà fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó tún bínú. Ó ní ta ló ń fìyà jẹ òun látọjọ́ yìí?

Kò pẹ́ ni ọ̀gá tuntun dé, ó mú òfin kan wá lórí tẹlifóònù lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí màmá fi sí ìparí ìwé. Màmá ò fẹ́ràn jágbajàgba. Lójú tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òfin rédíò, tó jẹ́ ìkẹsàn-án, ló yẹ kó wà. Ó tì í síbẹ̀. Wéré, kọ̀ǹpútà tún gbogbo tó kù kà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó pín in, ó lọ jẹun.

Wàyí o, àṣà kan wà níbi iṣẹ́ yẹn. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣẹ̀, wọn kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sínú ìwé, kí ojú má bàa tì í. Nọ́ńbà òfin nìkan ni wọ́n ń kọ. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn bí orúkọ ọmọ wọn, ta ló wá fẹ́ máa ṣí ìwé tuntun?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀gá ní kí màmá tẹ ìwé kan. Wọ́n fẹ́ lé Baba Awakọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, baba ọlọ́mọ márùn-ún tí kì í mú abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn. Olórí àwọn awakọ̀ ló fẹjọ́ sùn pé ó ṣẹ̀ sí òfin kẹtàlélógún. Baba náà sì ti fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ni, kí wọ́n ṣàánú òun.

Màmá ṣí ìwé tuntun. Òfin kẹtàlélógún: olè jíjà, lílé ni ìjìyà rẹ̀. Ó ṣí ti àtijọ́. Òfin kẹtàlélógún: pípẹ́ dé ibi iṣẹ́, ìkìlọ̀ ni. Ti àtijọ́ ni olórí àwọn awakọ̀ mọ̀ sórí, ti tuntun ni ọ̀gá ń wò. Ẹ̀rù bà á, ká má parọ́. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Bó bá sọ̀rọ̀, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọmi nìyẹn. Ó bú tẹlifóònù, ó bú kọ̀ǹpútà, kò rí ẹni tó máa di ẹ̀bi náà rù ju ara rẹ̀ lọ. Ó dìde, ó wọlé lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, awakọ̀ ò jalè o. Ó pẹ́ dé ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di olè."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti àkọ́bí màmá lọ, fa ìwé náà ya, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ra ojú. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ẹni tó yí ìwé òfin padà láìgbàṣẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìkìlọ̀. Màmá ní òun mọ̀. Ó béèrè nọ́ńbà wo ni kí òun kọ.

"Ẹ má kọ nọ́ńbà mọ́, mà. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Atẹ̀wé kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Màmá padà sí àyè rẹ̀, ó tẹ ìwé ìkìlọ̀ méjì: ti awakọ̀, àti ti ara rẹ̀. Kò sí àṣìṣe nínú ọ̀kankan.

Nírọ̀lẹ́, Baba Awakọ̀ yọjú sí i lẹ́nu ọ̀nà, ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ráhùn. Ó ní torí ogún ìṣẹ́jú lásán ni wọ́n ṣe ba fáìlì òun jẹ́.

"Màmá, ẹ̀yin tiẹ̀ ti gba irú èyí rí?"

"Mo ti gbà á," ni màmá wí. "Lónìí."